Bí Ẹ̀yìn Wọn Bá Le, Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Rìn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilé pa mọ́ bọ́ọ̀lù, kó ya Ajégúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Òkúta méjì ni góòlù, àlàfo àárín wọn kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Kò sí aṣọ́lé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Mọ́ńkì pósì ni wọ́n ń pè é. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀tì kan, àwọn sẹ́ẹ̀tì mìíràn á ti tò sórí pèpéle gọ́tà, wọ́n á máa retí ẹni tí yóò pàdánù kí àwọn lè wọlé. Góòlù méjì ló ń parí ẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá pàdánù, á pẹ́ kó tó tún kàn án. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀tì tó bá ti jẹ ẹyọ kan kò tún ní ohun tó ń wá lọ́dọ̀ ẹnìkejì mọ́. Méjì nínú wọn á padà wá dúró síwájú òkúta, wọ́n á so orúnkún pọ̀, wọ́n á máa fi ojúgun gba ohunkóhun tó bá ń bọ̀. Àlàfo ìṣísẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mẹ́rin ti kún ibẹ̀. Ibo ni bọ́ọ̀lù fẹ́ gbà?

“Wọ́n ti páàkì bọ́ọ̀sì” ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń wí. Lẹ́bàá Àpápá tiwa, tírélà ni wọ́n ń páàkì. Ẹni tó bá sì ti gun ọ̀kadà gba ọ̀nà èbúté lọ nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń gbóná mọ̀ pé ọlọ́kadà kì í ti tírélà. Á dúró, á máa wo táyà iwájú. Bí ọ̀kan bá fi sún báyìí, ó ti gba àárín wọn kọjá.

Ẹ wo ọmọ tó mọ mọ́ńkì pósì í gbá. Kì í sáré kọlu àwọn méjì tó so orúnkún pọ̀ yẹn. Á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ létí gọ́tà, á dúró. Àwọn tó jókòó á máa pariwo pé kó gbá a, kò ní dá wọn lóhùn. Á yí bọ́ọ̀lù sọ́tùn-ún díẹ̀, á tún yí i padà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ òkúta ò ní lè mú un mọ́ra mọ́, á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láti gba bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ kan yẹn gan-an lọmọ náà ń dúró dè. Bọ́ọ̀lù á gba abẹ́ itan onítọ̀hún kọjá, tàbí kí ọmọ náà gbá a mọ́ ògiri ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lọ gbà á padà lẹ́yìn ẹni tó jáde. Ní Ajégúnlẹ̀, ògiri onílé wà lára ikọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ẹ̀yìn tó le kò ṣeé fi agbára já, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yìn kan láyé tó lè rìn kó má fi àyè sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ borí ni kó mú wọn rìn, kó sì ti mọ ibi tí àyè yóò ti yọ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Bó ṣe rí nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ó tún wá rí bẹ́ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú rọ́gíbì líìgì, eré kan tí Èkó ti gba àlejò ìdíje rẹ̀ rí, tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ò sì gbọ́ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí Ajégúnlẹ̀ láti sọ. Àdúgbò tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun yìí, tó fara ti èbúté Àpápá, tí Ìlàjẹ, Ijaw, Urhobo, Ígbò, Hausa àti Yorùbá jọ ń gbé inú rẹ̀, kò ní pápá gidi tó pọ̀. Ó ní Maracana, pápá tí wọ́n fi orúkọ pápá ńlá Rio de Janeiro sọ, ó sì ní òpópónà. Síbẹ̀, ẹ ka àwọn tó ti ibẹ̀ jáde: Samson Siasia, Taribo West, Jonathan Akpoborie, Emmanuel Amuneke, àti Odion Ighalo tó jẹ góòlù 5 ní AFCON 2019, tí kò sẹ́ni tó jẹ tó o nínú ìdíje náà. Ọmọ tó bá ti ń wá àyè láàárín òkúta méjì láti kékeré, góòlù tó fẹ̀ tó mítà méje ó lé kò lè dẹ́rù bà á. Nínú gbogbo wọn, Amuneke ni n ó mú, nítorí góòlù kan.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1996 ni, ní pápá Sanford, ìlú Athens, ìpínlẹ̀ Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìparí ìdíje bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì ni. Ikọ̀ Ajẹntínà tí Naijíríà bá pàdé kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Daniel Passarella ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, òun náà sì jẹ́ adẹ́yìnmú nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ni balógun ikọ̀ tó gba Ife Àgbáyé fún wọn lọ́dún 1978. Javier Zanetti, Roberto Ayala, Roberto Sensini àti José Chamot ló tò sẹ́yìn. Claudio López ló kọ́kọ́ jẹ góòlù fún wọn ní ìṣẹ́jú 3, Celestine Babayaro fi orí dá a padà ní ìṣẹ́jú 28. Hernán Crespo gbá pẹnáritì wọlé lẹ́yìn ìsinmi, Daniel Amokachi tún dọ́gba rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 74. Bí eré ṣe fẹ́ parí, a rí fíríkíìkì gbà, Wilson Oruma sì lọ dúró síwájú bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Àwọn ará Ajẹntínà tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni pé, bí ẹsẹ̀ Oruma bá ti fẹ́ kan bọ́ọ̀lù, gbogbo ìlà á sáré jáde síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo ọmọ Naijíríà tó bá ṣẹ́kù sẹ́yìn wọn di ọ́fúsáìdì. Ọgbọ́n gidi ni. Kò ná wọn ní okun, kò gba pé kí ẹnikẹ́ni bá ẹnikẹ́ni du bọ́ọ̀lù lókè. Ohun kan ṣoṣo ló gbà: kí gbogbo ẹsẹ̀ gbéra nígbà kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì pẹ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi dúró fún un. Gbogbo wọn ló ń sáré kúrò níwájú góòlù ara wọn, bọ́ọ̀lù sì ń lọ síbi tí wọ́n ti kúrò. Bí àsíá bá lọ sókè, ọgbọ́n wọn jẹ́. Bí kò bá lọ sókè, kò sí ẹni tó lè yí padà bá a mọ́.

Àsíá ò lọ sókè. Pierluigi Collina tó ń darí eré náà ò fọn fèrè. Amuneke dá wà lẹ́yìn ìlà tó ti sáré kọjá rẹ̀, ó gbá a sáwọ̀n. Naijíríà 3, Ajẹntínà 2. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba wúrà bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì.

Àwọn kan á ní oríire ni. Mo ti gbọ́ ọ títí, kò wọ̀ mí létí. Ẹ̀yìn Ajẹntínà kò já nítorí pé ó rọ̀, ó já nítorí pé ó le lọ́nà kan ṣoṣo tí gbogbo ayé mọ̀. Ikọ̀ tó bá gbójú lé kí gbogbo ẹsẹ̀ gbéra pọ̀ ti fi àṣírí ara rẹ̀ hàn. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan má bá wọn sáré, kí bọ́ọ̀lù sì bọ́ sásìkò. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó ti tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ létí gọ́tà, tó ń dúró de ẹsẹ̀ tí yóò jáde, ló tún dúró ní Georgia lọ́jọ́ yẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1994 pẹ̀lú, nígbà tí Naijíríà na Zambia 2-1 ní Tunis láti gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, òun náà ló jẹ góòlù méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e lọ sórí pápá tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù. Rọ́gíbì méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní yúníọ̀nù, èèyàn 15 sí 15, lẹni tó bá mọ rọ́gíbì ní Naijíríà sábà máa ń mọ̀. Líìgì yapa kúrò lára rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895, ní òtẹ́ẹ̀lì George ní ìlú Huddersfield, owó ló sì fa ìjà náà. Àwọn awakùsà àti òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní àríwá England tó ń gbá rọ́gíbì ní kí wọ́n máa san owó iṣẹ́ tí àwọn ń pàdánù fún àwọn lọ́jọ́ eré, àwọn ọ̀gá tó wà ní London kọ̀ jálẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àríwá bá tiwọn lọ. Eré àwọn tó ń fi apá jẹun ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Àdúgbò tó kún fún àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté yẹ kó mọ irú eré bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, pápá Teslim Balogun ní Surulere gba àlejò ìdíje líìgì tí Áfíríkà àti Àárín Ìlà-Oòrùn Ayé jọ ń ṣe. Morocco, Ghana àti Cameroon wá. Naijíríà ló gba ife, Morocco la sì nà ní ìparí.

Bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyí, kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé wa. Èèyàn 13 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè gbé bọ́ọ̀lù sá síwájú, ẹ lè fi ẹsẹ̀ gbá a síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ nìkan lẹ lè fi ọwọ́ jù ú sí. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n lè gbé yín ṣánlẹ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé ẹnì kan ṣánlẹ̀, á dìde, á fi ẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún ẹnìkejì rẹ̀, eré á sì máa lọ. Ní ìgbà kẹfà, bọ́ọ̀lù di tiwọn. Ẹni tó bá fi bọ́ọ̀lù tẹlẹ̀ lẹ́yìn ìlà góòlù àwọn ẹnìkejì ti gba try, àmì 4. Àmì 2 wà fún èyí tó bá gbá gba àárín òpó lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹnì kan bá já bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tó sì fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, àmì 1 nìyẹn.

Ibi tí ẹ̀yìn ti ń le nínú eré yìí nìyí. Bí ẹnì kan bá ti ń dìde pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, méjì nínú àwọn alátakò lè dúró síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yòókù gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn mítà 10. Ẹ ṣírò rẹ̀. 13, ẹ yọ 2 tó dúró síwájú bọ́ọ̀lù, ẹ yọ ẹnì kan tó máa ń wà lẹ́yìn pátápátá, ó ku 10 lórí ìlà. Pápá fẹ̀ tó mítà 68. Mítà bíi 7 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti ṣọ́. Kò sí èèyàn tó lè na apá tó mítà 7, nítorí náà wọn kì í dúró. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀, gbogbo ìlà á sáré bọ̀ wá bá yín lẹ́ẹ̀kan náà, èjìká sí èjìká, kí wọ́n lè dé ọ̀dọ̀ yín kí ẹ tó ráyè ronú. Ẹgbẹ́ Penrith Panthers ní Australia, tó gba ife líìgì ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀léra wọn láti 2021 sí 2024, mọ̀ ọ́n débi pé àwọn alátakò wọn máa ń gba bọ́ọ̀lù kí wọ́n sì wà lábẹ́ èèyàn mẹ́ta kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kejì.

Ẹni tó bá wo èyí tó sì rántí Ajẹntínà ti rí ohun tí mo rí. Ìlà tó ń sáré jáde ni. Gbogbo ìṣísẹ̀ tí wọ́n bá fi sáré wá bá yín, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n ti yọ ọ́. Ohun tó kàn ni pé kí ikọ̀ tó fẹ́ borí wọn fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síbẹ̀ nígbà tí wọn ò retí rẹ̀.

Àṣà ọ̀pọ̀ ikọ̀ ni pé kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù lọ títí di ìgbà karùn-ún, kí wọ́n tó wá fi ẹsẹ̀ gbá a síwájú. Àwọn alátakò mọ̀. Bí ó bá ti kan ìgbà karùn-ún, àwọn méjì tó wà ní etí ìlà á ti fà sẹ́yìn lọ dúró de bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn á ti kún. Nítorí náà, bí mo bá ní ikọ̀ tí n ó mú lọ bá ẹ̀yìn tó le, ìgbà kẹta ni mo fẹ́ kí wọ́n gbá a, bọ́ọ̀lù pẹlẹbẹ tó ń yí nílẹ̀ gba àárín ẹsẹ̀ wọn kọjá, nígbà tí gbogbo ìlà ń sáré bọ̀ tí ẹnì kan péré sì wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ẹni tó gbá a lásìkò tó gbá a lómìnira láti sáré bá a. Àwọn ọmọ ikọ̀ mi ń sáré lọ síwájú, àwọn tó ń ṣọ́ wọn sì ní láti dúró ná, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ìyàtọ̀ ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nìyẹn, ó sì tó.

Ká tiẹ̀ ní wọn ò rí bọ́ọ̀lù náà gbà. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá bá gbà á lẹ́yìn ìlà góòlù ara rẹ̀, tí wọ́n sì mú un mọ́ ibẹ̀, ikọ̀ rẹ̀ ló ní láti fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù padà láti abẹ́ òpó wá fún yín, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìgbà mẹ́fà ọ̀tun. Ibí yìí gan-an ni mo rò pé ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń fi ojú kéré ohun tó tóbi. Àwọn tó ń wòran á ní ẹ ò rí nǹkan kan gbà. Àmọ́ àwọn òmìrán tó wà láàárín ìlà wọn, àwọn tó wọn ọgọ́rùn-ún kílò lọ sókè, ti gbé èèyàn ṣánlẹ̀ léraléra, wọ́n tún fẹ́ gbé e títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, gbogbo ìgbà náà ni wọ́n sì ń sún sẹ́yìn mítà 10 tí wọ́n tún ń sáré síwájú. Ní Australia àti nínú Super League England, ìgbà 8 péré ni ikọ̀ lè pààrọ̀ èèyàn nínú eré kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè ná an tán. Ẹ máa sáré kọlu àwọn òmìrán yẹn ní abala àkọ́kọ́, kì í ṣe kí ẹ lè kọjá wọn, bí kò ṣe kí ó lè rẹ̀ wọ́n. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹsẹ̀ tó ń sún sẹ́yìn mítà 10 tẹ́lẹ̀ á máa sún mítà 7.

Nígbà yẹn ni kí ẹni tí wọ́n gbé ṣánlẹ̀ tètè dìde. Èyí kì í wu àwọn èwe láti kọ́, torí kò ní ẹwà, kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀nà tí èèyàn gbà ṣubú ló ń pinnu bó ṣe máa dìde. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ti di oúnjẹ wọn, wọ́n á sùn lé e lórí títí tí ìlà wọn á fi tò dáadáa. Ẹni tó bá fi ìgúnpá àti orúnkún kanlẹ̀ á ti wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tú ọwọ́ lára rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá tètè kúrò nílẹ̀ báyìí, àwọn alátakò ṣì ń fi ẹ̀yìn rìn, gìgísẹ̀ ni wọ́n fi dúró, kò sí ẹni tó lè fi gìgísẹ̀ bẹ síwájú.

Martin Offiah, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Naijíríà tí wọ́n bí ní Hackney ní London, fi ohun tó wà lẹ́yìn irú ìlà bẹ́ẹ̀ han gbogbo ayé ní Wembley, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1994. Ìparí Challenge Cup, ife rọ́gíbì líìgì ní England, ni, Wigan tí Offiah ń gbá fún àti Leeds. Ó gba bọ́ọ̀lù nítòsí ìlà góòlù tiwọn gan-an, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń rò pé Wigan ń wá bí wọ́n á ṣe yọ orí nínú wàhálà. Àwọn Leeds ti sún mọ́ ọn láti wá pa á mọ́ ibẹ̀. Ó rí àlàfo láàárín wọn, ó gba ibẹ̀ jáde, gbogbo pápá sì ṣófo níwájú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, Alan Tait. Offiah tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìta, ó sì sá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lọ títí dé òpin pápá. Wigan borí 26-16. Lónìí, ère Offiah wà níwájú Wembley, lára àwọn márùn-ún tí wọ́n ṣí aṣọ lójú wọn lọ́dún 2015. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó yá ò wúlò níbi tí àyè ò sí, àwọn Leeds tó sún wá síwájú ló ṣí àyè náà fún un.

Ọjọ́ mìíràn sì wà tí àyè ò ní yọ rárá. Mo fẹ́ràn ìtàn St Helens fún èyí. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ẹgbẹ́ England yìí rìnrìn àjò dé Penrith fúnra rẹ̀ láti wá bá àwọn Panthers du ife àgbáyé àwọn ẹgbẹ́. Ìṣẹ́jú 80 parí, 12-12 ni. Wọ́n wọ àfikún àkókò, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àmì gbà ló ni ín. St Helens kò tún wá try kiri mọ́. Wọ́n rọra gbé bọ́ọ̀lù dé ibi tí wọ́n fẹ́, Lewis Dodd já a sílẹ̀, ó gbá a gba àárín òpó. Àmì 1. 13-12. Kò sí ìtìjú nínú àmì kan. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀yìn àwọn alátakò òun le, kó ti mọ láti ilé pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àmì kan ni yóò yanjú ẹ̀, kó sì ti ní ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá.

Kó má lọ dà bíi pé àwa nìkan la máa ń já ilé onílé. Ní AFCON tó wáyé ní Ivory Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwa gan-an la ti ìlẹ̀kùn pa. José Peseiro to adẹ́yìnmú mẹ́ta sí àárín, William Troost-Ekong, Calvin Bassey àti Semi Ajayi, bí bọ́ọ̀lù bá sì kúrò lọ́wọ́ wa, márùn-ún ni wọ́n ń dà. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6 tó gbé wa dé ìparí, góòlù 2 péré ni wọ́n jẹ wa, pẹnáritì sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ivory Coast wà lára àwọn tó kọsẹ̀ lára wa: a nà wọ́n 1-0 ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní. Lẹ́yìn ìyẹn Equatorial Guinea tún fi 4-0 nà wọ́n, wọ́n lé Jean-Louis Gasset lọ, wọ́n fi Emerse Faé rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí a tún pàdé ní Abidjan ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, Faé ti ní àwọn méjì tí ìfarapa kò jẹ́ kí wọ́n gbá ti àkọ́kọ́: Simon Adingra àti Sébastien Haller. Àwa la kọ́kọ́ jẹ góòlù, orí Troost-Ekong ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo eré náà dáadáa á rí i pé Adingra kò wá sí àárín. Etí ìlà lápá òsì ló dúró sí bí ẹni tí wọ́n so mọ́ ibẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ola Aina gbọ́dọ̀ jáde lọ bá a. Bí Aina bá jáde, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ sún. Márùn-ún tó so pọ̀ di márùn-ún tó jìnnà síra wọn. Ní ìṣẹ́jú 62, Adingra gbá kọ́nà, Franck Kessié fi orí kàn án wọlé. Ní ìṣẹ́jú 81, ó tún gbé bọ́ọ̀lù wá láti apá òsì yẹn kan náà, Haller yọ ẹsẹ̀ síwájú Troost-Ekong, ó fi kàn án díẹ̀, ó wọlé. 2-1. Ọ̀pọ̀ wa bínú sí Peseiro. Mi ò bínú sí i, èèyàn tó ka ẹ̀yìn wa bí ìwé ló nà wá. Ohun tó dùn mí ni pé láti ìgbà tí góòlù kìíní ti wọlé la ti rí ibi tí èkejì ń gbà bọ̀, kò sì sí ẹni tó lọ ran Aina lọ́wọ́.

Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹ ń kó ọmọ jọ ní Maracana, ní Tolu àti lórí gbogbo pápá iyanrìn tó wà láàárín Boundary àti Amukoko, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi kù sí. Bí ikọ̀ tó ti ìlẹ̀kùn pa bá dé iwájú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pariwo “Gbé e síwájú!” láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣe ìdánrawò, ẹ fi èèyàn méjì lé àwọn tó ń ṣọ́ ilé, kí wọ́n pọ̀ ju àwọn tó ń kọlù wọ́n lọ. Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má gbá bọ́ọ̀lù sílé àyàfi tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ jáde nínú ìlà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè pé ta ló máa kọ́kọ́ jáde, kó dárúkọ rẹ̀. Ọmọ tó bá gbá mọ́ńkì pósì dàgbà á mọ ìdáhùn náà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí àwọn tó sì ń ṣètò rọ́gíbì líìgì ní Èkó gbé bọ́ọ̀lù wọn tó rí gbọọrọ wá sí Ajégúnlẹ̀, kí wọ́n má ṣe dúró ní Surulere kí wọ́n máa retí wa. Àwọn tí wọ́n ń wá wà níbí, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń já ilé.